Ilẹ̀kùn Kọ́bọ́ọ̀dù tí Mo Fi Sítáàṣì Lẹ̀ ní Ìgàndó

Àbà Olósùn,
Ẹ̀bá Ìkọ̀lé, Èkìtì.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí mo ti da ewúrẹ́ síta.

Sákéù Àkànmú, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Ìgàndó? Ṣé ara Iyìolúwa ìyàwó mi le, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú mọ́ bí oyún náà ti ń dàgbà? Jésùtóbi ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ ẹ̀wà báyìí àbí ó ṣì ń ṣà á sí ẹ̀gbẹ́ abọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ oko tí kò ní òrùlé, òun ni yóò máa ṣọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé onílé. Ilé kò ní lé yín, ọ̀nà kò ní nà yín, iṣẹ́ tíṣà tí o ń ṣe kò ní bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, àwọn ọmọ tí o ń kọ́ kò sì ní ya olódo débi tí wọn ó fi sọ pé ìwọ ni o kò mọ̀ ọ́n kọ́. Àmín.

Tí ẹ bá béèrè wa, a wà. Bàbá rẹ ń kí yín, orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ràn díẹ̀, ó ti lè lọ dé ìdí ọsàn kí ó tó jókòó. Òjò tètè dé lọ́dún yìí. Ìjì gbé páànù mẹ́ta lórí ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣùgbọ́n Wòlíì ní kí ọkàn wa balẹ̀, pé apá ibi tí àwọn ọkùnrin ń jókòó sí ló ń jò, ti àwa obìnrin gbẹ. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan kú, ọ̀kan yè, èyí tó yè náà ni ó jẹ fìlà bàbá rẹ. Ẹ̀gẹ́ wa ta dáadáa, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni a fi yan gàrí, mo ti bu tiyín sọ́tọ̀. Kí n má gbàgbé, ìró mi aláwọ̀ ewé, èyí tí ó ní ẹyẹ funfun lára, tí mo sá sórí okùn yín lọ́dún tó kọjá tí mo fi síbẹ̀ bọ̀ wálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá a. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Iyìolúwa lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà sì ni nẹ́tíwọ̀kì lọ bí mo ṣe béèrè tán. Mo fẹ́ràn ìró náà.

Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Fóònù yín kò mọ ohun tí à ń pè ní àṣírí. O rántí ọjọ́ tí mo pè ọ́ nítorí jẹ̀díjẹ̀dí bàbá rẹ, n kò mọ̀ pé o ti jẹ́ kí fóònù máa pariwo síta, àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn àlejò yín kan tí ó ní kí a pẹ̀lẹ́ o, kí bàbá yé jẹ ohun dídùn. Odindi ọjọ́ méjì ni bàbá rẹ kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lẹ́tà ní tirẹ̀ kò ní ohùn. Múrítàlá awakọ̀ tí ó máa ń ná Ìkọ̀lé sí Ìpájà ni yóò gbé e wá lọ́jọ́ Ẹtì, mo sì ti fi okùn dè é kí ó má baà tú u wò.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná yín ni.

O mọ̀ pé nígbà tí mo wá lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ilé ìwé Jésùtóbi gba ìsinmi tí kò sí ẹni tí yóò mójú tó o, mo bá àwọn ilẹ̀kùn náà níbi tí awọ funfun ara wọn ti ń bó, tí ó ń ká sókè létí bí èèpo àlùbọ́sà. Mo bi Iyìolúwa. Ó ní bí àwọn ṣe kó bá a nìyẹn, pé àwọn ti sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé tó ni ilé, ó sì dáhùn pé yàrá ni òun fi háyà, òun kò fi kọ́bọ́ọ̀dù háyà. Ó ní Nùrẹ́nì kafíńtà tó wà ní títì yín wá wò ó, ó wọ̀n ọ́n lọ wọ̀n ọ́n bọ̀, ó wá dá iye kan tó jẹ́ pé tí a bá fi ra ewúrẹ́ níbí, a ó ní láti wá ẹni tí yóò máa dà wọ́n. Mo kíyè sí i pé nígbàkúùgbà tí àlejò bá wọlé, ìyàwó mi á lọ dúró níwájú èyí tó bó jù, á máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó mọ́ tónítóní báyẹn! Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Èmi náà sì mọ ohun tí sítáàṣì lè ṣe. Òun ni mo fi lẹ ẹ̀yìn gbogbo ìwé yín nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Òun ni mo fi lẹ kàlẹ́ńdà tí ó wà ní yàrá bàbá rẹ mọ́ ògiri ní ọdún tí mo bí ọ, ọdún náà ti lọ tipẹ́, kàlẹ́ńdà kò kúrò níbẹ̀. Bí ẹ ṣe lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan báyìí, mo gbé omi. Mo fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ gbogbo ilẹ̀kùn náà, mo da omi lé wọn dáadáa, ti ìsàlẹ̀ ni mo tiẹ̀ dà á sí jù nítorí pé ibẹ̀ ni epo pọ̀ sí, a kì í sì í lẹ nǹkan mọ́ ìdọ̀tí. Mo ro sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí mo gbé bọ̀ láti ilé lórí iná, ó yi, ó ń fà. Mo kùn ún, mo tẹ awọ náà padà, mo gbé ọlọ tì í. Lẹ́yìn èyí mo gbàdúrà sí i, mo sì wọ́n omi àdúrà tí Wòlíì fún mi sí i. Jálá ni wọ́n fi fún mi. N kò ṣẹ́ nǹkan kan kù.

Nígbà tí ẹ dé, Iyìolúwa kúnlẹ̀ dúpẹ́, ìwọ náà fọwọ́ pa ilẹ̀kùn lórí, o ní kí Nùrẹ́nì lọ wábi gbà. Inú mi dùn, n kò purọ́. Mo mú èérún kékeré kan tí ó já bọ́ lára ilẹ̀kùn abẹ́ síńkì bọ̀ wálé láti fi ṣe ẹ̀rí, mo dìde lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé e sókè, mo sọ fún gbogbo ìjọ pé mo tún ilé ṣe ní Èkó. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ti ń pè mí ní Ìyá Kafíńtà.

Ìdùnnú yẹn ni mo wà títí tí mo fi gbọ́ pé ìyàwó mi tún ti lóyún. Mo sọ ohùn mi sínú fóònù, Matilda ọ̀rẹ́ mi ló bá mi tẹ̀ ẹ́, mo ní kí Iyìolúwa sọ oṣù tí n ó máa bọ̀ wá wẹ ọmọ fún mi, kí n lè mọ ìgbà tí n ó ro àgbo. Ìdáhùn tó fi ránṣẹ́ ni àtàǹpàkò kan, ó pọ́n bí ìyeyè, ó nàró, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nídìí rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi wò ó. Ó dùn mí, Sákéù. Èmi mọ̀wé kọ, ọdún mẹ́ta ni mo fi lọ sí ilé ìwé àgbà, mo sì gba ẹ̀bùn ìkòkò níbẹ̀. Kí ló dé tí yóò fi na ìka kan sí mi bí ẹni tó ń dá púrúǹtù lóhùn? Matilda ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó ní ó tẹ̀ka ni, pé bí a ṣe ń tẹ̀ka níbi ìdìbò àti ní báńkì náà nìyẹn, ẹni tó bá sì ti tẹ̀ka ti gbà, kò lè sọ pé òun kọ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ̀ka yẹ kó sọ ọjọ́. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí tí kò sẹ́ni tó sọ ọjọ́ kankan fún mi. Ẹ̀rù wá ń bà mí pé ìyá tirẹ̀ ni ẹ fẹ́ pè, pé ẹ kò fẹ́ kí ọwọ́ mi kan ọmọ yìí.

N kò mọ ohun tí mo ṣe, àfi lọ́jọ́ Àìkú tí ẹ pè mí lórí fóònù tí a fi ń rí ojú ara ẹni. O rí i pé mo wé gèlè, mo gbé àga fún fóònù, mo sì kí i kí n tó jókòó. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ni Jésùtóbi já fóònù gbà, ó di ilé ìdáná. Mo ń gbọ́ Iyìolúwa lẹ́yìn tó ń pariwo pé kó gbé e padà wá kíá. Kó tó bá a, mo ti rí àwọn ilẹ̀kùn òkè. Wọ́n wà níhòòhò, kò sí awọ funfun lára wọn rárá. Mo fẹ́ rí ti ìsàlẹ̀, mo na ọrùn wo ẹ̀gbẹ́ fóònù, n kò rí i, mo yí fóònù pa dà láti wò ó látẹ̀yìn, ẹ̀yìn fóònù ni mo rí. Nǹkan aláwọ̀ ewé kan ṣá ló fì nísàlẹ̀ níbẹ̀. Jésùtóbi ní Màmá Àgbà, àáyán ló jẹ ẹ́, àáyán ńlá. Ibẹ̀ ni fóònù ti ṣókùnkùn.

Oorun kò kùn mí mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ajé, mo mú èérún tí mo fi ṣe ẹ̀rí, mo sọ ọ́ sínú abọ́ omi, mo lọ sóko. Nígbà tí mo dé, ó ti wú kún abọ́, ó rí bí gàrí tí ènìyàn rẹ tó gbàgbé. Mo fọwọ́ kàn án, ó fọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo gbé e lọ bá kafíńtà tó kan àga ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní kì í ṣe pákó, pé ìyẹ̀fun tó ń dà sílẹ̀ nídìí ayùn ni wọ́n gbá jọ, tí wọ́n po mọ́ gọ́ọ̀mù, tí wọ́n tẹ̀ pọ̀, tí wọ́n wá fi awọ bò ó kí ojú má baà mọ̀. Ó ní bí omi bá ti lè wọlé sí i, ó parí.

Ìyẹn ni pé gàrí ni ilẹ̀kùn yín, Sákéù, èmi ni mo sì bu omi sí i. Èmi tí mo ti ń yan gàrí láti ogójì ọdún! Ta ni kò mọ̀ pé gàrí tó bá ti mu omi kò ní padà di gbígbẹ mọ́? Lẹ́yìn tí mo rẹ ẹ́ tán, mo tún fi oúnjẹ kùn ún lára fún àáyán. Ẹ má sọ pé àdúrà ló bà á jẹ́ o, àdúrà kì í ba nǹkan jẹ́, jálá omi rẹ̀ ni. Ojú tì mí. Inú mi bàjẹ́ nítorí ìyàwó mi kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ì bá bú mi, ì bá tiẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá bú ọ, ẹ ṣì lè parí rẹ̀, àmọ́ ẹni tó dákẹ́, ibo ni ènìyàn yóò ti bẹ̀rẹ̀?

Mo ti wá bí ẹ ṣe lè tún un ṣe láìjẹ gbèsè. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ ẹ̀rọ omi kọ́kọ́ di ẹnu ẹ̀rọ tí mo bá níbi tó ti ń kán tó-tó-tó nídìí síńkì yín, nítorí asán ni kí ènìyàn máa nu ilẹ̀ nígbà tí òrùlé ń jò. Èyí tó bá ti wú lára ilẹ̀kùn, ẹ má wulẹ̀ wá oògùn rẹ̀, ẹ yọ ọ́ dànù. Èyí tí kò wú, ẹ fi pépà tí àwọn kafíńtà fi ń ha pákó ha á, kí ẹ fi ọ̀dà elépo kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kí ẹ tó kun ìkejì. Matilda ní òun gbọ́ pé wọ́n ń ta sítíkà ní Ìkòtún tí wọ́n ká bí ẹní, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Sítíkà tí èmi mọ̀ ni èyí tí àwọn olóṣèlú ń lẹ̀ kiri. Tí ẹ bá máa rà á, ẹ wá èyí tí kò ní orí ẹnikẹ́ni lára, n kò fẹ́ kí ọkùnrin kan máa wo ìyàwó mi lójú nígbà tó bá ń dáná.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí n kò tíì sọ fún ọ. Nígbà tí mo lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tí wọn yóò pè tí nǹkan bá ṣe mí. Iyìolúwa ni mo kọ. N kò kọ ìwọ, o kì í gbé fóònù tí o bá wà ní kíláàsì, òun kì í jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n béèrè ohun tó jẹ́ sí mi, mo kọ ọmọ. Nọ́ọ̀sì ní kí n kọ ìyàwó ọmọ, mo ní ìwé ti gbà á, n kò ní í pa á rẹ́. Fọ́ọ̀mù yẹn ti wà lọ́wọ́ ìjọba báyìí. Tí Iyìolúwa bá ń bá mi bínú, kí ni n ó lọ sọ fún ìjọba? Bá mi bẹ̀ ẹ́. Sọ fún un pé n kò ní fọwọ́ kan ilẹ̀kùn kankan mọ́, ọmọ nìkan ni n ó fọwọ́ kàn.

Ọjọ́bọ̀, òwúrọ̀.

Sákéù, mo tú okùn lẹ́tà yìí o. Iyìolúwa pè mí láàárọ̀ yìí kí n tó lọ gbọ́lẹ̀, ó lóun wà ní ilé ìdáná, kí n wo fóònù. Mo sáré wé gèlè. Ó ń sunkún, mo rò pé oyún ni, ọkàn mi já. Ó ní òun fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Mo ní èmi kẹ̀? Ó ní ó ti tó oṣù mélòó kan tí ẹ̀rù ti ń ba òun láti bá mi sọ̀rọ̀ pẹ́, nítorí pé tí mo bá ti béèrè ìró mi, òun ni òun ń pa fóònù, kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì. Ó ní nígbà tí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ wú tí wọ́n já bọ́, tí àwọn kò sì lè san owó Nùrẹ́nì, òun ronú títí, òun wá mú ìró mi aláwọ̀ ewé, òun gé e sí méjì, òun ki okùn bọ etí rẹ̀, òun fi ṣe kọ́tìnì dípò ilẹ̀kùn. Ó ní ó wúni lórí débi pé àwọn ìyá ilé kejì ti wá wò ó, ṣùgbọ́n pé òun kò mọ bí òun yóò ṣe sọ fún ìyá ọkọ pé òun fi sísọ́ọ̀sì gé ìró rẹ̀, tàbí bí òun yóò ṣe ní kí n máa bọ̀ kí n wá bá a níbẹ̀. Àtàǹpàkò yẹn, ó ní ọkàn rere ni òun fi tẹ̀ ẹ́, pé kí n ṣáà máa bọ̀, ọ̀rọ̀ tó kù ni kò gba ẹnu òun.

Ó gbé fóònù sísàlẹ̀, mo rí i. Àwọn ẹyẹ funfun mi tò lọ nídìí síńkì rèterète. Ó gbé e sókè, àwọn tó wà níhòòhò lọ́jọ́ Àìkú ti gba ọ̀dà, ó ní pépà ni òun fi ha wọ́n fúnra òun, àgólò ọ̀dà kékeré kan ló sì tó wọn. Ó ní òun ti ní kí wọ́n di ẹnu ẹ̀rọ omi náà. Gbogbo ìmọ̀ràn tí mo fi ọwọ́ mi kọ sókè yìí ló ti ṣe kí lẹ́tà tó kúrò nílé! Mo wá jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ sítáàṣì fún un. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kẹta tí àáyán dé, pé òun kò fẹ́ kí wọ́n gba oyè Ìyá Kafíńtà lọ́wọ́ mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, bàbá rẹ jáde wá wo ẹni tó kú.

Nítorí náà má bá mi bẹ̀ ẹ́ mọ́. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí, àlọ nìkan ti tó, n kò mọ ìgbà tí n ó padà. Kí o fi ti páànù mẹ́ta kún un fún ṣọ́ọ̀ṣì, tí agbára kò bá gbé mẹ́ta, ra méjì, àwọn ọkùnrin á súnmọ́ra. Bàbá rẹ ní kí o rántí fìlà. Gèlè tí mo rà pẹ̀lú ìró náà ṣì wà nínú àpótí, mo ń gbé e bọ̀, ó lè jẹ́ pé ilẹ̀kùn kan tún ń mi níbẹ̀ tí ẹ kò sọ. Sítáàṣì kò ní sí nínú ẹrù mi, Múrítàlá lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ tó ń bọ̀ yóò bá ìyá àti bàbá, bàbá yóò bá ìyá, gbogbo yín yóò bá mi. Ilé tí ẹ ń fi owó yá báyìí, ẹ ó kọ́ èyí tó jù ú lọ, pákó gidi ni wọn yóò sì fi ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀. Ayọ̀ tó bá wọlé yín kò ní bó, àáyán ayé kò ní rí i jẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ìyá Sákéù.

Fún Iyìolúwa: ìyàwó mi, má rò pé ọbẹ̀ ló ta sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí. Èmi mọ̀wé kọ, ṣùgbọ́n o tẹ̀ka fún mi, mo sì ti fún ọ ní èsì. Mo ti ki àtàǹpàkò mi bọ epo, mo ti tẹ̀ ẹ́ síbí.